Ọjọ́ Tí Mo Yí Gábàsì Abúlé Wa Padà

Inú máa ń tètè bí mi. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ará ilé mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tó ń ta gáàsì fún mi l'Ólódò náà ti mọ̀. Ohun tó sì máa ń bí mi nínú jù ni kí ènìyàn wo ojú ẹ̀rọ ìwọ̀n, kó ka ohun tó rí níbẹ̀, kó sì gbà á gbọ́ láìbéèrè ohun tó wà nítòsí ẹ̀rọ náà. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo wà ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù ilé ìwádìí kan n'Íbàdàn, níbi tí a ti ń tún ohun èlò ìwọ̀n ṣe: èyí tó ń wọn ooru, èyí tó ń wọn bí omi ṣe ń sáré nínú páìpù, èyí tó ń ka iye ìgbà tí ẹ̀rọ yí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń bi àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Kí ló wà nítòsí rẹ̀?" Wọ́n ti fi ń ṣe mí yẹ̀yẹ́. Bí mo bá ti ń wọlé, ẹnìkan á ti sọ ọ́ kí n tó lanu.

Nítorí náà ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣe tì mí lójú tó bẹ́ẹ̀.

Abúlé wa wà ní Lagelu. Bí ènìyàn bá ti kọjá Ìyànà Ọ̀fà díẹ̀, ọ̀kadà ló máa gbé e wọnú. Bàbá mi ni ládàánì mọ́sáláṣí ibẹ̀, àwọn ni wọ́n ń pe ìrun, ó sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń pè é. Bàbá tó bí wọn ló kọ́ mọ́sáláṣí náà, alámọ̀ ni, wọ́n wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ nígbà tó yá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ibojì wà. Bàbá bàbá mi wà níbẹ̀, ìyá wọn wà níbẹ̀, ìyá tó bí mi náà wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sin mùsùlùmí, gbogbo wọn kọjú sí ibi kan náà tí mọ́sáláṣí kọjú sí. A ò gbọ́dọ̀ gbàgbé àwọn ibojì yẹn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èmi gbàgbé wọn.

Lọ́dún tó kọjá, bàbá mi wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ mi l'Ólódò nítorí ojú tó ń dùn wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe mú láítà gáàsì, tí mo tẹ̀ ẹ́, tó dún tá, tí iná sì ràn.

"Epo wo ló wà nínú ẹ̀?"

"Kò sí epo nínú ẹ̀, Bàbá."

"Bátìrì ńkọ́?"

"Kò sí bátìrì."

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n mì ín létí wọn, wọ́n ní ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ fi àgbà ṣeré. Mo lọ wá láítà kan tó ti bàjẹ́, mo fọ́ ọ, mo fi ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn wọ́n. Nǹkan funfun kékeré kan ni, kò ju hóró ìrẹsì lọ púpọ̀. Mo ní òkúta ni kí wọ́n pè é. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tàbí tí wọ́n gbá a, inú rẹ̀ á yẹ̀ kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, iná mànàmáná á sì yọ létí rẹ̀. Irin kan wà nínú láítà náà tó ń gbá a bí òòlù. Igbe tí òkúta náà ké ni iná tí wọ́n rí. Píésò la máa ń pè é níbi iṣẹ́.

Bàbá mi ò gbà. Wọn kì í gba nǹkan tí wọn ò bá fọwọ́ kàn. Mo lọ sínú báàgì mi, mo mú pẹlẹbẹ idẹ kan jáde tó fẹ̀ tó kọ́bọ̀ àtijọ́, irú òkúta funfun yẹn ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀. A máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbàgúdá láti mọ̀ bóyá béárìnnì rẹ̀, irin róbótó tó fi ń yí, ti ń jẹ. Bí ẹ̀rọ bá ń gbọ̀n bó ṣe yẹ, a mọ̀ ọ́n. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lódì, òkúta náà á ké bákan, a ó sì rí i lójú mítà kó tó di pé ẹ̀rọ náà kú mọ́ àwọn olóko lọ́wọ́. Mo so ó mọ́ mítà alábẹ́rẹ́, mo ní kí bàbá mi fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Abẹ́rẹ́ fò lọ sọ́tùn-ún, ó sì rọra padà sí òdo.

"Ó ti bàjẹ́," ni wọ́n wí.

"Kò bàjẹ́, Bàbá."

"Ọwọ́ mi ṣì wà níbẹ̀ o! Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ náà ni mo ṣì ń tẹ̀ ẹ́."

"Mo mọ̀. Èyí kì í wọn ẹrù tó dúró sójú kan. Ìgbà tí ẹrù bá dé àti ìgbà tó bá kúrò nìkan ló máa ń sọ. Ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò ná."

Wọ́n gbé e kúrò. Abẹ́rẹ́ fò lọ sósì, ó tún padà. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. "Ó mà ṣe o! Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó dákẹ́. Ìgbà tí mo wá tú u sílẹ̀ ló tún ń ké."

Wọ́n ní kí n sọ òmíràn. Mo sọ èyí tí mo fẹ́ràn jù fún wọn, sẹ́ńsọ̀ Họ́ọ̀lù, ohun èlò kékeré tó ń mọ̀ bí òòfà bá wà nítòsí, tí kì í fọwọ́ kan ohun tó ń wọ̀n. Mo ní kí wọ́n ro ọ̀nà Ìyànà Ọ̀fà lọ́jọ́ ọjà, kí èrò máa rìn lọ tààrà, kí ọ̀nà sì kún dọ́gba. Bí màlúù kan bá wá yọ lápá òsì, gbogbo èrò á yẹ̀ sápá gọ́tà. Wọn á ṣì máa lọ, àmọ́ apá kan á fún, apá kejì á ṣófo. Bí ẹnìkan bá ka iye èrò ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, á mọ bí màlúù náà ti tóbi tó, láìfojú kàn án. Iná tó ń sáré nínú pẹlẹbẹ tín-ínrín ni èrò yẹn, òòfà sì ni màlúù. Bí òòfà bá sún mọ́ ọn, iná náà á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì la máa ń wọ̀n. Irú rẹ̀ ló wà nínú fóònù tó fi ń mọ apá àríwá, torí ayé tí a wà nínú rẹ̀ yìí náà ní òòfà tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára tó ń dé ọ̀dọ̀ wa kéré.

Bàbá mi rò ó títí. "Bí màlúù bá di méjì ńkọ́?"

"Kò ní mọ̀, Bàbá. Á kan pa àwọn méjèèjì pọ̀ ni."

Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́.

Lóṣù keje ọdún yìí, abúlé wa fẹ́ kọ́ mọ́sáláṣí tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́, torí ògiri amọ̀ náà ti sán kọjá títúnṣe. Ọ̀rọ̀ gábàsì dá wàhálà sílẹ̀. Gábàsì la máa ń pe ibi tí mùsùlùmí kọjú sí bó bá ń kírun, ọ̀dọ̀ àwọn Hausa la sì ti mú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi fóònù wò ó, ó ní ti àtijọ́ dáa. Òmíràn fi fóònù tirẹ̀ wò ó, ó ní ó yẹ̀. Lèmọ́mù ní kí wọ́n má jà, kí wọ́n ránṣẹ́ sí ọmọ ládàánì, torí iṣẹ́ ìwọ̀n ni iṣẹ́ mi. Orí mi wú nígbà tí mo gbọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ aṣọ tó dáa, mo lo híjáàbù mi aláwọ̀ ewé, mo sì fi pín-ìnnì tuntun tí mo rà l'Ólódò mú etí rẹ̀ mọ́ èjìká. Kì í ṣe pín-ìnnì alábẹ́rẹ́. Irú ìyẹn máa ń ya aṣọ. Bọ́tìnnì róbótó méjì ni, ọ̀kan lókè aṣọ, ọ̀kan lábẹ́, wọ́n á sì fa ara wọn mọ́ra.

Òjò ti rọ̀ lóru, oòrùn sì mú ganrín-ganrín láàárọ̀ yẹn. Àwọn bíríkìlà ti dé, àwọn ọ̀dọ́ pé yíká, lèmọ́mù dúró pẹ̀lú tẹ̀sùbáà, bàbá mi sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri àtijọ́. Mo gbé fóònù mi sórí àtẹ́lẹwọ́. Oòrùn ò jẹ́ kí n rí ojú rẹ̀, mo bá fa etí híjáàbù mi síwájú, mo fi ṣíji bò ó, mo tẹ orí sábẹ́ rẹ̀. Ọfà tó ń tọ́ka sí gábàsì lójú fóònù yí, ó dúró. Mo sún sápá kejì, mo tún wò ó bákan náà. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kẹta. Ibi kan náà ló tọ́ka sí lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìlà oòrùn gan-an. Mọ́sáláṣí àtijọ́ kò kọjú síbẹ̀, ó yà sápá òsì púpọ̀.

"Èyí àtijọ́ yẹ̀," ni mo wí.

Bàbá mi sún mọ́ mi. Ohùn wọn lọ sílẹ̀. "Bàbá mi ò fi ìlà oòrùn lásán ṣe é. Oòrùn kì í yọ lójú kan náà lọ́dọọdún. Nígbà àgbàdo tútù, á máa sún lọ sápá òsì, á dé ibì kan tí kò ní kọjá mọ́, á wá padà. Ibẹ̀ ni wọ́n mú. Ọ̀pọ̀ àárọ̀ ni wọ́n fi jókòó tì í."

Ó yẹ kí n gbọ́. Kàkà kí n gbọ́, inú bí mi pé wọ́n ń já ọ̀rọ̀ mi nírọ́ níwájú àwọn tó ń pè mí ní Ẹ̀njíníà. Mo gbé ohùn sókè. "Bàbá, ẹ ti sọ ọ́ fúnra yín, oòrùn kì í dúró lójú kan. Ẹ jẹ́ ká fi ti àtijọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wò ó, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dọ́gba. Gábàsì la sì ń pè é. Kí ni gábàsì ní èdè Hausa bí kò ṣe ìlà oòrùn?"

Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́. Ó dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́. Lèmọ́mù ní kí ọkàn ẹnikẹ́ni má dàrú, ìrun tí a ti kí tẹ́lẹ̀ ti gbà, Ọlọ́run mọ èrò ọkàn. Àwọn bíríkìlà kan èèkàn mọ́lẹ̀, wọ́n ta okùn sí ibi tí mo tọ́ka sí. Wọ́n ní àwọn á gbẹ́ ìpìlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, àwọn á sì da kọnkéré sí i lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀.

"Ó dáa," ni bàbá mi wí. Wọ́n gbé bútà wọn, wọ́n lọ ṣe àlùwàlá. Mo wo ojú wọn nígbà tí wọ́n padà, n kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ní wọ́n ti gbà, inú mi sì dùn pé wọn ò bá mi jà. Lọ́jọ́rú, wọ́n pè mí lórí fóònù, wọ́n kí mi, wọ́n béèrè ara ilé. Nígbà tí a fẹ́ parí ọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ọ̀rọ̀ yìí ti tán."

"Ó dáa."

Lọ́jọ́bọ̀, a gba ẹ̀rọ ìkàye kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rin gbàgúdá l'Ákínyẹlé. Sẹ́ńsọ̀ Họ́ọ̀lù ló wà lára rẹ̀. Wọ́n lẹ òòfà kékeré kan mọ́ kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ, bí òòfà náà bá ti kọjá níwájú sẹ́ńsọ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò fi ọ̀kan kún iye. Àwọn tó ni ín ní ó ń ka ohun tí kò sí. Mo tú u sórí tábìlì. Kò sí kẹ̀kẹ́, kò sí òòfà, ohun gbogbo dákẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn láti wo wáyà rẹ̀, iye náà di ọ̀kan. Mo nàró. Mo tún bẹ̀rẹ̀, ó di méjì. Nígbà tó di márùn-ún, mo gbaná jẹ. Mo yíjú sí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́.

"Ta ló fi wáyà kan wáyà níbí?"

Àgbàlagbà kan wà lọ́dọ̀ wa tí wọn ò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì, ẹ̀bá fèrèsé ni wọ́n máa ń jókòó sí. Wọ́n ti ń wò mí láti ẹ̀ẹ̀kan. "Màdáámù, kò sí wáyà tó kan wáyà. Ẹ̀yin ló ń kà."

"Èmi báwo?"

"Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ná."

Mo bẹ̀rẹ̀. Etí híjáàbù mi rọ̀ sórí tábìlì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan sẹ́ńsọ̀ náà. Iye di mẹ́fà. Àgbàlagbà náà rẹ́rìn-ín, wọ́n wá sọ ọ́: "Kí ló wà nítòsí rẹ̀?" Gbogbo wọ́kíṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín.

Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo fọwọ́ kan pín-ìnnì tó wà léjìká mi, òòfà méjì tó ń fa ara wọn mọ́ra. Mo rántí oòrùn Sátidé. Mo rántí bí mo ṣe fa etí híjáàbù bo fóònù. Ayé ni màlúù kékeré tó wà lọ́nà jíjìn, pín-ìnnì mi ni màlúù ńlá tó dúró ti sẹ́ńsọ̀ gbágbáágbá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wò ó, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo gbé pín-ìnnì náà dání, báwo ni kò ṣe ní dọ́gba? Ọ̀rọ̀ gábàsì tó wà lẹ́nu gbogbo wa ló wá parí rẹ̀. Ká ní ibòmíràn ni ọfà yẹn tọ́ka sí, ǹ bá fura. Torí ó tọ́ka sí ìlà oòrùn, mo ní ó bá orúkọ rẹ̀ mu.

Mo jókòó sórí àpótí. Sátidé ku ọ̀túnla. Bí wọ́n bá ti da kọnkéré, ó tán nìyẹn, àwọn ọmọ tí a kò tí ì bí á máa kọjú sí ibi tí pín-ìnnì mi fẹ́. N kò ní parọ́ fún yín: ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn mi ni kí n pe lèmọ́mù ní ìdákọ́ńkọ́, kí n ní fóònù mi ló bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ara mi ò gbà á. Níwájú gbogbo èèyàn ni mo ti gbé ohùn sókè sí bàbá mi. Mo pe lèmọ́mù, mo ní kí wọ́n bá mi kó àwọn èèyàn ọjọ́ Sátidé jọ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Jímọ̀, àṣìṣe ti wọ iṣẹ́ mi.

Ohun kan tún kù. Bí mo bá tún gbé fóònù dé, èwo ni kí wọ́n gbà gbọ́, ti Sátidé ni tàbí ti Jímọ̀? Bí mo ti dé ilé l'Ólódò, mo rí ìdáhùn lára ògiri pálọ̀ mi. Kàlẹ́ńdà àkókò ìrun wà níbẹ̀, mo sì ti ń wò ó láti oṣù kìíní láìka ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn máa ń dúró sórí Mẹ́kà gan-an, ẹni tó bá kọjú sí oòrùn ní ìṣẹ́jú yẹn, gábàsì ló kọjú sí. Ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ náà bọ́ sí Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Ní tiwa níbí, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, láàárọ̀.

Láàárọ̀ Jímọ̀, kùrukùru bo gbogbo ojú ọ̀run. Ìpìlẹ̀ tí àwọn bíríkìlà gbẹ́ ti yọjú, ó gùn, ó tọ́, iṣẹ́ wọn dáa. Ó yà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àtijọ́ bí ẹni tó ń bá a jà. Nígbà tí àwọn èèyàn pé, mo bọ́ pín-ìnnì kúrò léjìká mi. Mo gbé fóònù sórí búlọ́ọ̀kù kan, mo ní kí wọ́n sún mọ́ ọn. Mo sún pín-ìnnì sún mọ́ fóònù, ọfà yí lọ sí ìlà oòrùn. Mo mú un jìnnà, ọfà padà sápá òsì. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin.

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé nìyí," ni mo wí. "Fóònù ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni. Bàbá mi sọ òtítọ́ fún mi, mo sì gbé ohùn sókè sí wọn níwájú yín. Níwájú yín náà ni mo fi ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn."

Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ pupa tí wọ́n hú jáde. Bàbá mi ní kí n dìde, aṣọ mi ń dọ̀tí. Ohun tí wọ́n sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú wọn sì wà bó ṣe wà.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ béèrè ohun tí mo ti mọ̀ pé wọ́n máa béèrè. "Ẹ̀njíníà, ẹ má bínú o. Bí pín-ìnnì bá yí i lọ́jọ́ yẹn, kí la mọ̀ tó ń yí i lónìí?"

"A ò ní lo fóònù. Oòrùn la máa lò." Mo ṣàlàyé kàlẹ́ńdà fún wọn. Lèmọ́mù ní àwọn ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu olùkọ́ àwọn. A ri ọparun gígùn kan mọ́lẹ̀, bíríkìlà fi okùn tí wọ́n so irin mọ́ nídìí wò ó kó lè dúró ṣánṣán. A wá ń dúró de oòrùn tí kò sí.

Aago mẹ́wàá lù. Gbogbo wa gbójú sókè bí adìyẹ tó ń mumi. Bíríkìlà ní bí oòrùn ò bá yọ, kí ni ká ṣe? Mo ní ká dúró di aago kan náà lọ́la, ìyàtọ̀ ọjọ́ kan ò tó nǹkan, ó ní àwọn tó ń bọ̀ wá po kọnkéré lọ́la ti gbowó ọkọ̀. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, kùrukùru fẹ́lẹ́ díẹ̀, òjìji ọparun hàn fírífírí lórí ilẹ̀. Ó ṣú padà. Ó tún là, ó sì dúró báyìí. Mo ń wo aago, mo ní, "Ó yá!" Bíríkìlà na okùn sórí òjìji náà láti orí rẹ̀ dé ìdí ọparun, ó kan èèkàn méjì mọ́ ọn. Kí ó tó nàró, kùrukùru ti tún bo oòrùn.

A fa okùn náà gùn, a gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri mọ́sáláṣí àtijọ́, a fi èèkàn wọn ọ̀kánkán rẹ̀ kó má bàa yẹ̀. Ìgbésẹ̀ méjìlá ni ògiri yẹn gùn. Nígbà tí okùn fi dé òpin rẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò ju gígùn àtẹ́lẹsẹ̀ kan lọ. Ìpìlẹ̀ tí mo ní kí wọ́n gbẹ́ ti fi ìgbésẹ̀ mẹ́fà yà sọ́nà ibòmíràn. Bàbá bàbá mi kò ní fóònù, kò ní kọ́ḿpáàsì. Ó jókòó, ó wo oòrùn, ó sì béèrè ohun tó yẹ kó béèrè.

Àwọn ọ̀dọ́ hó yè. Lèmọ́mù ní "Alihamudulilahi," wọ́n ní kí wọ́n dí kòtò náà, kí wọ́n sì gbẹ́ òmíràn sí ọ̀kánkán ti àtijọ́. Àwọn bíríkìlà ń kùn, àmọ́ wọ́n mú ṣọ́bìrì. Mo wá bàbá mi, n kò rí wọn. Mo yí lọ sẹ́yìn mọ́sáláṣí.

Wọ́n dúró síwájú ibojì ìyá mi. Èjìká wọn ń gbọ̀n. N kò rí bàbá mi kí wọ́n sunkún rí, kódà lọ́jọ́ tí a sin ìyá mi, wọn ò sunkún lójú wa. Mo dúró sẹ́yìn wọn.

"Nígbà tí o sọ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé," ni wọ́n wí láìyíjú, "ìyá rẹ ni mo kọ́kọ́ rò. Lèmọ́mù ní ìrun wa ti gbà, mo gbà. Mo wá ní àwọn tó wà nílẹ̀ yìí ńkọ́? Èmi ni mo sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo yí i lójú síbẹ̀. Mo ní ta ló máa wá bá mi yí i padà? Mi ò sùn, ọmọ yìí. Láti Sátidé, mi ò sùn."

Ọjọ́ mẹ́fà ni bàbá mi fi ní "Ó dáa." Mo wo ojú wọn, mo gbọ́ ohùn wọn lórí fóònù, mo ní kò sí nǹkan kan. Abẹ́rẹ́ wà ní òdo, ọwọ́ mi sì ṣì wà lórí wọn, bí mo ṣe tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ náà ni mo ṣì ń tẹ̀ wọ́n.

Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá." Wọ́n fi etí agbádá nu ojú. Wọ́n béèrè ohun tí aago wí, mo sọ fún wọn, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá kí ìrun Jímọ̀ tó tó. A jọ ń padà bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n fi ọwọ́ ra á bí wọ́n ṣe ń lọ. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n dúró, wọ́n wo èjìká mi.

"Pín-ìnnì yẹn dà?"

"Ó wà lápò mi."

"Fi sílẹ̀ síta," ni wọ́n wí, wọ́n sì wọlé lọ pe ìrun.